Òkìtì Ẹ̀ka Ẹ̀yìn Ọgbà Wa

Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kejì

Òní ni òpin. Bó bá di ọ̀la, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gé igi tó fi ṣe ọgbà mọ́ títí ìgbà ooru yóò fi kọjá, nítorí àwọn ẹyẹ tó ń kọ́ ìtẹ́. Gbogbo Oldeloog, abúlé wa, ló wá ń gé. Láti àárọ̀ ni ayùn ti ń ké káàkiri abúlé. Èmi náà gé tèmi bí ẹni tó bá igi ní gbólóhùn asọ̀ — ẹ̀ka ń fò, ẹ̀gún ń ya mí lápá, ara mi sì ń yá sí i. Mo fẹ́ràn ọjọ́ yìí. Ìwà ipá tí ìjọba fọwọ́ sí ni.

Orí àkàbà ni mo wà tí mo fi rí Imke lójú ọ̀nà lórí kẹ̀kẹ́. Ọmọ mi kan ṣoṣo. Láti Harkum nílé ọkọ, nínú atẹ́gùn yẹn, pẹ̀lú báàgì kan. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Moin, Màmá," bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀. Ètè rẹ̀ ti bẹ́. Ojú òsì ti wú débi pé kò lè là á. N kò sọ̀kalẹ̀. Mo ń gé lọ ni, nítorí n kò mọ ohun tí ọwọ́ mi máa ṣe bí mo bá gbé àlùmọ́gàjí náà sílẹ̀.

Okko wà ní òdìkejì ọgbà, òun náà ń gé. Aládùúgbò mi láti ọgbọ̀n ọdún. Ó wo ojú Imke dáadáa. Lẹ́yìn náà ó wo sánmà, ó ní, "Òjò máa tó rọ̀, Tomma."

Àìkú, 1 oṣù Kẹta

Imke sùn. Ó jí, ó tún sùn. Mo túlẹ̀ títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó, Ọjọ́ Ìsinmi tàbí kò sí Ọjọ́ Ìsinmi.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹta

Òdòdó funfun kéékèèké ti bo abẹ́ igi. Rúbáàbù ń fi orí pupa ti ilẹ̀ kó lè jáde. Mo gun igi ápù Imke (òfin yẹn kò kan igi eléso), mo rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un ni Reemt ọkọ mi gbìn ín, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ṣe bí Reemt ti máa ń ṣe: mo ṣa àwọn ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tó lára dáadáa, mo rì wọ́n sínú iyanrìn tútù ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀ka tó ṣì ń sùn ṣeé lẹ̀ mọ́ igi mìíràn bó bá yá.

Ìyókù, Imke ń wọ́ wọn lọ sí òkìtì. Òkìtì iná Àjíǹde ni. Pápá Okko ló wà, lẹ́yìn ọgbà wa gan-an, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ló là wọ́n láàárín. Gbogbo ilé ló ń kó ohun tó bá gé wá síbẹ̀, títí a ó fi sun ún ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta Àjíǹde. Okko ni olórí rẹ̀. Balógun Ẹ̀ka ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, kò sì gbọdọ̀ gbọ́. Ọdún tí Reemt kú, àwọn ọkùnrin Harkum yọ́ wá, wọ́n dáná sun òkìtì wa nígbà tó ṣì ku ọjọ́ méjì. Ní Àbámẹ́ta yẹn, eérú la dúró yí ká. Wọ́n ṣì ń fi bú wa di òní. Láti ìgbà náà, Balógun Ẹ̀ka àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣọ́ òkìtì bí ẹní ń ṣọ́ ọmọ tuntun.

Ibi tó ti ń wọ́ ẹ̀ka ni Imke ti sọ ọ́ fún mi. Kò sunkún. Bí ẹni ń to abọ́ ni. Pé Hayo ń lu òun láti ọdún kejì ìgbéyàwó. Pé ní oṣù Kìíní, ó ti òun mọ́ yàrá, ó fi wáyà so ọwọ́ ìlẹ̀kùn mọ́ òpó àtẹ̀gùn láti ìta. Alẹ́ Ẹtì di ìrọ̀lẹ́ Àìkú. "Wáyà aláwọ̀ ewé yẹn, Màmá. Irú èyí tẹ́ ẹ fi ń so igi mọ́ òpó. Ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀meje. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń kà á bó ṣe ń lọ́ ọ."

Mo ní ká lọ bá ọlọ́pàá. Ó ní rárá. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa fi ojú yẹn wo òun ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú wo? Ojú tí Okko fi wo sánmà.

Àbámẹ́ta, 7 oṣù Kẹta

Ìgbín wá lónìí. Orúkọ tí mo sọ Hayo nìyẹn — ìgbín tí kò ní karahun, èyí tó máa ń jẹ ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ìlẹ̀kùn iwájú ló kàn. Ọdún wo ló ti wọ ilé wa, tí kò mọ̀ pé òkú àti ìyàwó nìkan ló ń gba ibẹ̀? A ti kan án pa láti ọjọ́ tí wọ́n gbé Reemt jáde. Mo pariwo láti inú ilé pé kó gba ẹ̀yìn bí ènìyàn.

Ó gbé òdòdó ṣọ́ọ̀bù dání nínú ọ̀rá. Ó gbé e wá sí ọgbà tèmi.

Mo pọn tíì. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá wọlé, ọ̀tá ì báà ṣe, ife mẹ́ta lẹ̀tọ́ọ́ rẹ̀. Mo fi ṣúgà olókùúta sí i, mo da tíì lé e, ó ń ta wẹ́wẹ́, mo fi ọ̀rá wàrà sí i létí. Ó ń sọ̀rọ̀ dídùn. "Màmá, ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ̀. Iṣẹ́ ló ń dà mí láàmú. Ọwọ́ ló ṣì mí." Imke jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó ń wo èékánná rẹ̀.

Bí ó ti mu ife àkọ́kọ́ tán, mo mú ṣíbí tirẹ̀, mo kì í bọ inú ife rẹ̀. Èmi fúnra mi. Àlejò ló máa ń ki ṣíbí bọ ife nígbà tó bá yó, láti sọ pé ó tó. N kò rí i rí láyé mi kí onílé ṣe é fún àlejò. Bí ìyá mi bá rí i nínú sàréè, ó ti yí padà. Etí Hayo pọ́n. Ó yé e.

Ó dìde. "Ẹ ṣeun, Tomma." Màmá ti tán lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà ó yíjú sí Imke, ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí: "Ilé kan ṣoṣo lo ní. Bó ò bá padà síbẹ̀, o ò ní ní òmíràn."

Mo da òdòdó rẹ̀ sórí ààtàn, mo sì fi fọ́ọ̀kì gún un wọlẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 10 oṣù Kẹta

Mo lọ bá Balógun Ẹ̀ka. Mo ní kí òun àti àwọn panápaná abúlé lọ bá Hayo sọ̀rọ̀ ní Harkum. Wọ́n tó méjìlá, apá wọn nípọn. Kí wọ́n kàn dúró níwájú rẹ̀, ìyẹn ti tó.

Ó fa èjìká. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya nìyẹn, Tomma. Ahọ́n àti eyín pàápàá máa ń jà."

Mo ní, "Èwo ni ahọ́n nínú wọn, Okko? Èwo ló ń ṣẹ̀jẹ̀?"

Ó ní Hayo kì í ṣe ènìyàn burúkú, àwọn jọ máa ń ju bọ́ọ̀lù onígi lójú títì nígbà òtútù ni. Ó ní tí òun bá dá sí i lónìí, wọ́n á fẹ́ra wọn padà lọ́la, òun nìkan á wá di ọ̀tá. Ó bu tíì fún mi. Mo mu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Inú bí mi sí ara mi nítorí ìyẹn ju ohun gbogbo lọ.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹta

Ìgbín kéékèèké pọ̀ lábẹ́ pákó. Mo fi àlùmọ́gàjí gé wọn sí méjì-méjì. Mo sùn dáadáa.

Àìkú, 15 oṣù Kẹta

Ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ ọ́ játijàti. Ta ni mo ń bẹ̀? Èmi nìkan ni mò ń ka ìwé yìí.

Ọ̀sán gangan. Àwọn ènìyàn ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀. Imke wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi àpótí onígíláàsì, ó ń já lẹ́tùúsì kéékèèké lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbín wọlé láti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ọtí ń rùn lára rẹ̀. Ó gbá a mú nírun, ó wọ́ ọ gba orí gíláàsì kọjá, gíláàsì fọ́, ó ń wọ́ ọ lọ sí ibi mọ́tò. Imke kò ké. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ẹni tí irú rẹ̀ ti mọ́ lára.

Ṣọ́bìrì ló wà lọ́wọ́ mi. Mo gbá a lẹ́yìn. Kò já a sílẹ̀. Mo tún gbá a, ní ọrùn. Ó já a sílẹ̀ nígbà yẹn. Ó yíjú, ó gbá mi létí, mo ṣubú sórí àpótí. Mo gbá a lójúgun láti ilẹ̀ tí mo wà. Mo fẹ́ kí egungun náà ṣẹ́. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà parọ́ fún ara mi lọ́jọ́ iwájú: mo fẹ́ kó ṣẹ́, mo sì fẹ́ gbọ́ ọ. Kò ṣẹ́. Ó tiro lọ síbi mọ́tò rẹ̀.

Àwọn tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ dúró lójú títì pẹ̀lú ìwé orin lábẹ́ apá. Kótéènì Okko mì, ó sì padà sí àyè rẹ̀.

Ọlọ́pàá kan wá nírọ̀lẹ́, ọmọdékùnrin tó níwà tútù. Ó bi Imke. Imke ní òun yọ̀ ṣubú sórí gíláàsì. Ọlọ́pàá wò mí. Kí ni kí n sọ nígbà tí ẹni tó fara gbọgbẹ́ ní òun ṣubú?

Ajé, 16 oṣù Kẹta

Mò ń ṣa gíláàsì nínú ilẹ̀. Mo tún gbin lẹ́tùúsì. Ẹ̀jẹ̀ tèmi, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ajílẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹtì, 20 oṣù Kẹta

Yìnyín bọ́ lóru, ó pa ewé tó yọ jù lọ nínú rúbáàbù. Eku ilẹ̀ méjì nínú tàkúté. Ọ̀kan kò tíì kú. Mo ṣe ohun tó yẹ.

Imke ń bá mi gbin ẹ̀wà ńlá. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, torí pé ekòló kan wọ́ bọ inú bàtà mi. N kò ní gbàgbé ìró rẹ̀. Mo ní jẹ́ ká so wáyà tuntun fún rásíbẹ́rì. Ó rí ìdì wáyà lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ pa dà. Mo lọ fi okùn so ó.

Àìkú, 22 oṣù Kẹta

Ó ti pa igi náà.

Mo jáde láago méje, mo rí i. Ó ti fi ayùn ọwọ́ yí igi ápù Imke ká ní ìwọ̀n orúnkún, ó bó èèpo rẹ̀ kúrò, fífẹ̀ rẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Kò gé e lulẹ̀. Ì bá gé e lulẹ̀. Igi tí wọ́n bó báyìí kì í mọ̀ pé òun ti kú. Ó máa rúwé. Ó máa tanná, bóyá yóò tilẹ̀ tanná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà ni yóò wá gbẹ lórí ìdúró. Ìgbín mọ iṣẹ́ yìí. Ọgbà ápù ni bàbá rẹ̀ ní.

Imke gbé ọwọ́ lé ibi tó funfun yẹn. Ó ní, "Ó ń rẹ̀ mí, Màmá. Bóyá kí n kàn padà."

Mo wọ inú ahéré, mo fi òòlù fọ́ ìkòkò amọ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn náà mo fi ìgbálẹ̀ gbá àfọ́kù wọn.

Ẹtì, 27 oṣù Kẹta

Mo parọ́ lónìí. Irọ́ tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì ni.

Balógun Ẹ̀ka àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń to òkìtì, ó ti ga ju òrùlé lọ. Mo gbé tíì lọ fún wọn nínú fíláásì. Mo dúró díẹ̀. Mo wá sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́: pé mo gbọ́ ní ilé búrẹ́dì pé Hayo ń fọ́nnu. Pé ó ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde yìí ni òun máa fi iná sí òkìtì Oldeloog, òun nìkan, kí gbogbo Harkum lè mọ̀ pé ọmọ ọkùnrin lòun.

Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ nílé búrẹ́dì. Orí mi ló ti wá.

Ìbá dáa kó o rí wọn, ìwé mi. Ọwọ́ dúró. Jelto, alágbẹ̀dẹ, gbé ẹ̀ka tó mú sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Okko di ife tíì rẹ̀ mú bí ẹni fẹ́ fọ́ ọ. "Òkìtì tiwa?"

Mo ní, "Bí mo ṣe gbọ́ nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ kó wá," ni Okko wí. "Ẹ jẹ́ kó wá ná."

Fún ọmọ mi, ó fa èjìká. Fún ẹ̀ka igi, ó yan ènìyàn mẹ́jọ, ó pín wọn sí ìṣọ́, ó sì rán ọ̀kan lọ sílé lọ mú kùmọ̀ wá. Mo mọ̀ pé Ìgbín máa wá. Kì í lè pẹ́ kó má wá yí ilé wa po. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yẹn ló sì máa ń gbà.

Ajé, 30 oṣù Kẹta

Oje ti ń gun igi, èèpo ti ń ṣí. Mo kó àwọn ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú iyanrìn jáde. Èmi àti Imke, lórí ìkúnlẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ dá ojú fún èèpo lókè ọgbẹ́ àti nísàlẹ̀ ọgbẹ́, mo ki orí ẹ̀ka kan bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣe afárá, kí oje lè gba ara wọn kọjá. Mẹ́jọ la fi yí i ká. A kan wọn ní ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́, a fi ìda bò ó. Ó dà bí ẹni tí wọ́n rán lójú ọgbẹ́. Bóyá méjì á mú. Méjì ti tó, Reemt máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Imke bi mí pé ṣé ó ń dun igi. Mo ní mi ò mọ̀.

Ìṣẹ́gun, 31 oṣù Kẹta

Pòtétò ti wọlẹ̀. Ìgbín ò tíì wá. Mò ń retí rẹ̀ bí ẹni ń retí àlejò.

Ẹtì Rere, 3 oṣù Kẹrin

Ariwo ní pápá, kílẹ̀ tó mọ́. Ohùn ọkùnrin púpọ̀, ajá, lẹ́yìn náà ohùn kan tó ń bẹ̀bẹ̀. Imke dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi láìwọ bàtà. "Màmá, kí nìyẹn?" Mo ní, "Àwọn olùṣọ́ òkìtì ni. Wọ́n ń ṣeré." Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́ eré náà. Ó pẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn wá.

Okko wá sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ìka rẹ̀ bó, ó ń dán bí ọmọ tó gba ẹ̀bùn. Kò wọlé, ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀. "A mú un, Tomma. Apá ti kán, eyín ti dín, ìhà rẹ̀ náà kò dára. Kò ní fọwọ́ kan nǹkan wa mọ́." Imke wà lẹ́yìn mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn, tàbí kó kàn dákẹ́. Ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó sunkún bí n kò ti rí i kó sunkún láti oṣù Kejì. "Ọjọ́ Ẹtì Rere ni. Ó wá tọrọ àforíjì ni, Màmá. Ó máa ń tọrọ àforíjì lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n sì lù ú bí ajá nítorí àwọn ẹ̀ka yẹn."

N kò lè jẹ ẹja Ẹtì Rere.

Àbámẹ́ta, 4 oṣù Kẹrin — ọ̀sán

Ó ń di báàgì. Ó ní lẹ́yìn ọdún òun ń lọ sí ilé ìwòsàn, láti ibẹ̀ òun ń bá a lọ sílé. Ọkùnrin tí apá rẹ̀ kán kò lè wọ ẹ̀wù fúnra rẹ̀.

Mo bá sọ fún un. Gbogbo rẹ̀: ilé búrẹ́dì, fíláásì tíì, irọ́. Mo ní bí o bá fẹ́ bínú sí ẹnì kan, èmi nìyí.

Ó ju ẹ̀wù tó ń ká sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà, Màmá," ló wí. "Ẹ̀yin náà. Àní ẹ̀yin kò tilẹ̀ fi ọwọ́ ara yín lù ú." Ó padà sí ìdí báàgì rẹ̀.

Ó tọ́. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú, mo wá fi lílù lé e padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìtìjú bá mi, ẹ̀rù sì ju ìtìjú lọ. Tó bá padà síbẹ̀, wọ́n á gbé e wá fún mi lọ́jọ́ kan, ìlẹ̀kùn iwájú ni wọn yóò sì gbà. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ orúkọ mi.

Láti ojú fèrèsé mò ń wò wọ́n ní pápá. Wọ́n ń tú òkìtì, wọ́n ń tò ó lákọ̀tun, torí àwọn ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kéékèèké tó lè ti wọ ibẹ̀ lọ sùn. Balógun Ẹ̀ka ń gbé ẹ̀ka sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó rí ọ̀kan. Ó fi fìlà rẹ̀ gbé e, ó gbé e lọ sábẹ́ igi ọgbà mi, jẹ́jẹ́.

Àìkú Àjíǹde, 5 oṣù Kẹrin

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Imke kò fẹ́ lọ síbi iná. Mo ní bí a kò bá lọ, wọn á máa sọ ọ́. Ó wọ kóòtù, ó tẹ̀ lé mi lókèèrè. Iná ti ràn nígbà tí a dé, ooru rẹ̀ ń gbá ènìyàn lójú. Gbogbo abúlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú bíà àti búrẹ́dì onísọ́séèjì. Wọ́n ti ri òpó kan mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì bíà, wọ́n kan ìṣó mọ́ ọn, wọ́n fi ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Hayo kọ́ ọ bí ìkógun. Àwọn ọmọdé ń tọ́ ọ.

Okko ń sọ ìtàn náà fún ìgbà kẹwàá. Bíà ti wọ̀ ọ́ lára. "Ẹ wò ó, bí ará Harkum ṣe gọ̀ tó nìyẹn. Òkìtì tó ga ju ilé lọ, kò rí i. Ó ti kọjá rẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn sí i. Inú ọgbà Tomma ni Jelto ti gbá a mú, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ọ̀nà ti pòórá mọ́ ọn lójú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù kún dẹ́mú-dẹ́mú lọ́wọ́ kan. Lọ́wọ́ kejì, ẹ gbà mí, wáyà. Kí ló fẹ́ fi wáyà ṣe? Ó fẹ́ fi so iná mọ́lẹ̀ kó má sá lọ?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti ń rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run ló mọ ìdí, títí mo fi wo òpó yẹn. Kẹ́ẹ̀gì pupa. Wáyà aláwọ̀ ewé.

Imke ti dé ibẹ̀ kí n tó mira. Ó yọ wáyà náà kúrò lórí ìṣó. Kì í ṣe wáyà tuntun. Ìdí rẹ̀ kan ṣì káko bí wọ́n ti lọ́ ọ tẹ́lẹ̀. Ó fi ìka tọ ọ́ ní ìmọ́lẹ̀ iná, lóríkèé-lóríkèé, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà á.

"Méje," ló wí.

Okko ní, "Kí ni méje?"

Imke sì sọ fún wọn. Lójú gbogbo abúlé, láìpariwo, bó ṣe sọ ọ́ fún mi níbi tó ti ń wọ́ ẹ̀ka: ohun tí wáyà yẹn wà fún, ìlẹ̀kùn wo ló kọ́kọ́ fi so, ọjọ́ mélòó. Ó ní ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń ṣí nílé màmá òun, Hayo sì mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Kò sọnù, Okko. Kò wá síbi òkìtì yín rárá."

Jelto bọ́ fìlà. Okko wo sánmà bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n iná tiwọn ló kún ibẹ̀, ó ní láti wo ilẹ̀.

A rìn padà sílé. Imke kò sọ nǹkan kan nípa irọ́ mi, èmi náà ò sọ. N kò mọ ohun tí Hayo ń bọ̀ wá ṣe, n kò sì ní parọ́ pé mo mọ̀. Ohun tí mo rò pé mo hùmọ̀ rẹ̀ láti orí ara mi, ó ti wà lọ́kàn Hayo kí n tó ronú kàn án, ilé wa ló sì fẹ́ fi iná sí.

Ó tú báàgì rẹ̀. Ó gbé wáyà náà sínú ọ̀rá mímọ́, ó dì í. Ìṣẹ́gun, tí ọ́fíìsì bá ṣí, a jọ ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òun ló sọ ọ́, èmi kọ́.

A mu tíì láàárọ̀ yìí, ife mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ̀wà ńlá ti yọ. Lẹ́yìn náà mo mú irin tí wọ́n fi ń tú ṣíkúrúù, mo tú ọwọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn kúrò ní ìta, mo fi pákó dí ojú rẹ̀. Inú ilé nìkan ni ènìyàn ti lè ṣí i báyìí.